Ìnhélà Búlúù Nìkan Kò Tó Oníkọ́ Fée

Sí Olóòtú,

Bí ọyẹ́ bá ti mú ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn oníkọ́ fée, ìyẹn asíma, a tún máa wọ́ lọ sí àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé wa. Ohun tí wọ́n sábà máa ń gbà ni salbutamol, ìnhélà búlúù, tàbí abẹ́rẹ́ aminophylline. Èémí á balẹ̀, wọ́n á lọ sílé, ó di ìgbà mìíràn.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Salbutamol ń dẹ iṣan tó fún mọ́ ọ̀nà èémí ni, kò kan wíwú inú rẹ̀. Beclometasone tàbí budesonide, tí à ń fà lójoojúmọ́ bí ara tilẹ̀ yá, ló ń bá wíwú yẹn jà. Láti ọdún 2019 ni GINA, tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú asíma jáde fún gbogbo ayé, ti ní kí a má fi salbutamol nìkan tọ́jú ẹni ọdún 12 sókè mọ́. Kí ìjọba ìbílẹ̀ jọ̀ọ́ máa kó irú oògùn yìí àti salbutamol wá.

Bí oògùn bá sì wà, fífà á kù. Tí a bá tẹ̀ ẹ́ sẹ́nu lásán, ọ̀fun ni èyí tó pọ̀ jù ń lẹ̀ mọ́. Ike omi 500 ml tó ṣófo tó láti fi tún un ṣe. Ẹ gé ihò sí ìdí rẹ̀ kó ṣe wẹ́kú ẹnu ìnhélà, ẹ fi tépù dí etí ihò náà. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ má nù ún, torí ike tí a nù máa ń fa oògùn mọ́ra. Ẹ mi ìnhélà, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí aláìsàn fi ẹnu bo ẹnu ike náà, kó mí sínú, kó mí síta lẹ́ẹ̀mẹrin sí márùn-ún kí ẹ tó tún un tẹ̀. Lẹ́yìn beclometasone, kó fi omi yọ ẹnu, kó tu ú dànù, kí nǹkan funfun má baà hù sí i lẹ́nu. Kí nọ́ọ̀sì máa ní kó ṣe é lójú òun nígbàkígbà tó bá wá. Àlàyé ẹnu lásán kò tó.

Ẹ kọ ìbéèrè mẹ́rin sára káàdì. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 tó kọjá, ṣé èémí yín há ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀? Ṣé ó jí yín lóru? Ṣé ẹ lo búlúù ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀? Ṣé ó dí iṣẹ́ yín lọ́wọ́? Bí mẹ́ta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àìsàn náà kò tíì sí lábẹ́ àkóso, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe ń fa oògùn ná kí ẹ tó fi kún un. Ẹ bi àwọn ìyá tó ń yan gàrí léèrè nípa èéfín pẹ̀lú.

Tó bá dé lójijì, ẹ gbé aláìsàn jókòó. Salbutamol nínú ike, títẹ̀ 4 sí 10 ní ìṣẹ́jú 20-20 fún wákàtí kan. Kí àgbà sì gbé prednisolone 40 sí 50 mg mì, kó máa lò ó lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 5 sí 7. Ẹni tí kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí, tàbí tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ẹ má dúró pé wákàtí kan. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn LAUTECH tàbí ti Bowen, kí ẹ sì máa fún un ní salbutamol lójú ọ̀nà.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́