Lẹ́tà sí Àbúrò Mi Tí Ó Sin Ìyá Wa Láìsí Mi

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Bí mo bá kọ èyí sínú ìwé tí mo dì í, tí mo fi rán ọ, wàá kà á tán, wàá fi sí abẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ níbi tí epo ọkọ̀ ti ń kán, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ ní gbangba ni pé gbangba ni wọ́n ti yìn mí. Ìyìn tí kì í ṣe tèmi ni, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń jẹ ẹ́.

O rántí ọjọ́ ìdúpẹ́ yẹn, oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ọ̀sẹ̀ kejì tí mo ti ìrìn àjò ìhìn rere dé láti Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Wọ́n pè mí síwájú ìjọ. Olùṣọ́-àgùntàn gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní ẹ wo ọmọbìnrin yìí, ìyá rẹ̀ kú, ó ní òun ò lè fi oko ìkórè Olúwa sílẹ̀. Ó ka Lúùkù orí kẹsàn-án, níbi tí Jésù ti ní kí àwọn òkú máa sin òkú ara wọn. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Wọ́n fún mi ní aago ara ògiri kan tí wọ́n kọ orúkọ mi sí. Ìwọ wà lẹ́yìn pátápátá nítòsí ẹnu ọ̀nà, aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn rẹ, nítorí ìdí ọkọ̀ kan tó kú sí ọ̀nà Adó ni o ti yà wá. Mo rí ọ. Kí wọ́n tó parí orin, o ti lọ.

Ìwọ ni wọ́n pè ní òkú lọ́jọ́ náà, àbúrò mi. Mo gbọ́ ọ, mo sì gbé aago lọ sílé.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí irọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù Kẹfà, mo wá sí Ìkéré láti dágbére. Ìyá wa ń gún iyán. Ìwọ ni o gba ọmọ odó lọ́wọ́ wọn nítorí wọ́n ní apá ọ̀tún ń ro àwọn. Lẹ́yìn oúnjẹ, mo mú ẹ̀rọ mi jáde nínú báàgì, mo wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn: 190 lórí 110. Mo tún un wọ̀n, kò yí padà. Ogún ọdún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà. Bí ìyá ẹlòmíràn bá gbé irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ wá bá mi ní ọsibítù, tí apá kan sì ń ro ó, mi ò ní jẹ́ kó padà sílé. Mo fún ìyá tèmi ní oògùn ọ̀sẹ̀ méjì, mo ní bí mo bá dé a óò lọ rí dókítà. Wọ́n bi mí pé ṣé kò sí nǹkan. Mo ní kò sí nǹkan. Ìwọ náà bi mí nígbà tí o ń sìn mí dé ibi tí mo ti máa wọkọ̀, mo ní ẹ̀jẹ̀ àgbà ni. Kí ló ń jẹ́ ẹ̀jẹ̀ àgbà? Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti kọ́ mi níṣẹ́.

Wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Èmi nìkan ni nọ́ọ̀sì nínú àwa mẹ́sàn-án tó ń lọ. Orúkọ mi ti wà lára pátákó tí wọ́n gbé kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ìjọ, ó sì dùn mọ́ mi kí ó wà níbẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn náà.

Bí èèyàn bá dé Lungi níbi tí bàálù ń balẹ̀ sí, kò tíì dé Freetown. Omi ló wà láàrin. Ọkọ̀ ojú omi ni a wọ̀ kọjá lóru, òjò ń rọ̀, mo sì di ọwọ́ ẹni tó jókòó tì mí mú títí a fi gúnlẹ̀, nítorí òkúta ni èmi ọmọ Ìkéré mọ̀, mi ò mọ òkun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo rí àwọn òkè tó dúró lẹ́yìn ìlú, ó ṣe mí bíi pé Olósùnta, òkè ìlú wa, ti bímọ sí etí òkun.

Òjò ibẹ̀ kì í ṣe òjò tiwa. Ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ó lè bẹ̀rẹ̀ lónìí kó má dá dọ̀la. Irú òjò bẹ́ẹ̀ ló mú kí òkè ya lulẹ̀ ní Regent, lẹ́bàá Freetown, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2017. Wọ́n ti gé igi orí òkè, wọ́n ti kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, omi ń wọlẹ̀ títí ilẹ̀ fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì wà lórí ibùsùn. Àwọn tó kú pẹ̀lú àwọn tí a kò rí mọ́ lé ní 1,000. Orílẹ̀-èdè tí ogun jà láti 1991 di 2002, tí àrùn Ebola sì tún pa èèyàn tó tó 4,000 nínú rẹ̀, ni ìyẹn tún ṣẹlẹ̀ sí. Àwa sì gbé ìtùnú lọ bá wọn, a ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé pélébé ní Adó.

Ilé ìyá àgbà kan ni wọ́n fi wá wọ̀ sí, opó, ọmọ Krio. Àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú wà nínú àwọn Krio, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Aku ni wọ́n ń pe àwọn baba wọn, nítorí "ẹ kú" tí kì í tán lẹ́nu wọn. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ Màmá kí mi ní "Kushe", ẹnu mi sì ti dáhùn "ẹ kú iṣẹ́ o, mà" kí n tó rántí pé mi ò sí nílé. Àkàrà ni wọ́n ń pè ní akara. Ọ̀ọ̀lẹ̀ tiwa ni olele lọ́dọ̀ wọn. Wàá rí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kan, tí orúkọ rẹ̀ sì ń jẹ́ Ayọ̀délé.

Ìpè rẹ wọlé ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. O kò sunkún. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Màámi ò jí o." Ohun tó tẹ̀ lé e nìyí, bó ṣe rí gan-an, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú ìjẹ́rìí. Olórí ẹgbẹ́ wa ní òun máa wá owó tíkẹ́ẹ̀tì. Bàálù wà ní ọjọ́ Àìkú, òmíràn wà ní Ọjọ́rú. Kò sẹ́ni tó dá mi dúró. Èmi ni mo ní kí a kọ́kọ́ gbàdúrà. Nígbà tí a dìde lórí eékún, mo ní Olúwa ní kí n dúró. Olúwa ò sọ nǹkan kan fún mi. Ohun tí mo gbọ́ ni 190 lórí 110.

Ẹ̀rù ló bà mí. Bí mo bá délé, màá rí apá ọ̀tún yẹn. Ẹnìkan nínú ẹbí á sì bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, kí ló pa wọ́n?"

O fi wọ́n sí mọ́ṣúárì, o ń dúró dè mí. O pè ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, o pè ní ọjọ́ Ajé. Ní ìpè tó kẹ́yìn, nígbà tí mo ti sọ ti Olúwa fún ọ, o ní, "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ̀gbọ́n mi," o sì pa fóònù.

Ọjọ́ kejì ni ọdún kan òkè tó ya. Màmá lọ ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀. Lọ́sàn-án wọ́n dáná nínú ọgbà fún ohun tí wọ́n ń pè ní awujoh, àwùjọ tiwa náà ni. Ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín, àkàrà, ìrẹsì. Wọ́n gbẹ́ ihò kékeré sílẹ̀, wọ́n bu oúnjẹ díẹ̀ sínú rẹ̀ fún àwọn tó ti lọ. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ò jáde nínú yàrá, wọ́n ní ìbọ̀rìṣà ni. Èmi jáde. Mi ò ní jiyàn ẹ̀kọ́ Bíbélì pẹ̀lú ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo wo ojú Màmá nígbà tí wọ́n kúnlẹ̀ láàárọ̀, mo tún wò ó nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sídìí ihò yẹn lọ́sàn-án, ojú kan náà ni.

Ọmọ wọn obìnrin àti ọmọ-ọmọ méjì ló ń gbé Regent. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Màmá fi lọ sí mọ́ṣúárì ọsibítù Connaught, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ òkú, nítorí ẹsẹ̀ ni wọ́n rò pé àwọn lè fi dá ọmọ àwọn mọ̀. Wọn ò rí i. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ òkú lọ sin ní Waterloo, ní itẹ́ tí wọ́n sin àwọn tí Ebola pa sí. Bóyá ọmọ wọn wà níbẹ̀, bóyá abẹ́ ẹrẹ̀ ló ṣì wà, Màmá ò mọ̀.

Wọ́n fi orógùn lé mi lọ́wọ́ kí n máa ro ẹ̀wà. Ẹnìkan ti sọ tèmi fún wọn. Wọ́n ní, "Yu mama dɔn day, ɛn yu de ya?" Ìyá rẹ kú, ìwọ sì wà níbí? Mo la ẹnu láti sọ ti Olúwa tó ní kí n dúró. Wọ́n gbọ́wọ́ sókè. Wọ́n ní àwọn wá ẹni tí àwọn máa sin, àwọn ò rí. Èmi rí, mi ò lọ. Wọn ò pariwo. Nígbà tó yá wọ́n ní "Ɔsh ya", bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, wọ́n sì bu ẹ̀wà fún mi.

Wàá rò pé mo dìde lọ́jọ́ náà. Bàálù Ọjọ́rú ṣì wà. Mo di ẹrù mi lálẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tú u.

O sin wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 17. Lọ́jọ́ yẹn mo ń wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá àgbà nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ọ̀kan nínú wọn, tirẹ̀ ga ju ti ìyá wa lọ. Mo gbé e lọ sí ọsibítù fúnra mi, mo jókòó tì í di alẹ́, mo tún padà lọ lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Ara rẹ̀ yá. Ó súre fún mi, ó súre fún ìyá tó bí mi. Mo ti ń retí kí Ọlọ́run bínú sí mi, kí n lè mọ̀ pé a ti parí ẹjọ́. Kò bínú. Ó ń fún mi níṣẹ́ ṣe ni, ìyẹn sì nira fún mi ju ìbínú lọ.

Àwọn oníwàásù wa fẹ́ràn láti máa fi Àjàyí Crowther ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tó ń lọ òkè òkun, pé ó fi ilé àti ìyá sílẹ̀ nítorí ìhìn rere. Ní Freetown ni mo ti ronú sí i dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí ní 1822. Àjàyí ò fi ìyá sílẹ̀. Wọ́n jí i gbé ní Òṣogùn ní 1821 ni. Nígbà tó padà rí Afala ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, oṣù Kẹjọ ọdún 1846 ni, ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kò wàásù fún wọn lọ́jọ́ náà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn di ara àwọn mú, àwọn ń wo ara àwọn láìfọhùn. Ó di 1848 kí ìyá náà tó ṣèrìbọmi. Ọkùnrin yẹn ló ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tí ìyá wa fi sábẹ́ ìrọ̀rí.

Inú Bíbélì yẹn náà ni mo ti rí i pé Ẹni tó ní kí òkú sin òkú, nígbà tí ìṣó wà lọ́wọ́ Rẹ̀, ẹni tí yóò mú ìyá Rẹ̀ lọ sílé ló ń wá. Jòhánù orí kọkàndínlógún. Wọn ò ka ìyẹn lọ́jọ́ ìdúpẹ́ mi.

Oṣù tó kọjá, wọ́n ní kí n wá bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń múra ìrìn àjò sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní bàbá òun ń ṣàìsàn, pé òun ti pinnu láti ṣe bíi tèmi. Gbogbo wọn kọjú sí mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹnu mi gbẹ. Mo ní kó gbé bàbá rẹ̀ wá kí n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n rò pé àwàdà ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e mo gbé aago padà fún olùṣọ́-àgùntàn, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Bátìrì aago náà ti kú tipẹ́, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni ìdí.

Àwọn aládùúgbò ló sọ fún mi pé o ta ẹ̀rọ tí o fi ń fẹ́ táyà kí o tó rí owó pósí san. Ìwọ ò sọ ọ́ rí. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, wọ́n ní. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ni ìyá wa bí.

Ó ku ọ̀rọ̀ àpótí wọn. Ọwọ́ èmi àkọ́bí ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà, mo so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé mi, ó sì bá mi lọ sí Sàró. Nígbà tí mo dé tí mo wọ yàrá wọn, àgádágodo ṣì wà lẹ́nu àpótí. O kò pè mí láti béèrè kọ́kọ́rọ́, o kò sì já a. Mo ṣí i. Aṣọ òfì tí wọ́n ní kí a fi sin àwọn wà lókè pátápátá, káńfọ̀ láàrin rẹ̀, gèlè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tì í padà, mi ò sọ fún ọ.

Mò ń bọ̀ ní Ìkéré lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, èmi nìkan. Màá mú aṣọ náà dání, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ ohun tí a lè fi ṣe mọ́. Bí o bá fẹ́ lé mi, lé mi, màá jókòó sọ́dọ̀ ẹlẹ́lùbọ́ tó wà lódìkejì ọ̀nà títí wàá fi ṣíwọ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, sọ fún mi, nítorí mi ò tíì béèrè rí láti ọjọ́ náà: aṣọ wo ni o wọ̀ fún wọn?

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.