Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ ní Jàmáíkà

Ìbàdàn

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ọ̀rọ̀ tí o bá ìyá rẹ sọ lórí fóònù ní Sọ́ńdè dé etí mi. O ní láti ìgbà tí ẹ ti dé Kingston, ibi iṣẹ́ rẹ àti ilé-ìwé Àkànní ọmọ rẹ nìkan lẹ mọ̀. Bí ẹ bá ti wọlé, géètì di títì, títí ọkọ rẹ yóò fi rí ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà kó wá bá yín. Mo gbọ́ ọ. Ìlú náà ní àdúgbò tí kì í ṣe ibi ìrìn òru, n kò sì sọ pé kí o máa rìn kiri. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin kò ṣeé fi géètì tọ́. Ojú mẹ́rin ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Méjì péré ló ń wo ọmọ yìí báyìí, oorun a sì ti kún méjèèjì kí o tó ti ibi iṣẹ́ dé.

Ìkíni ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Jàmáíkà kì í fi ìkíni ṣeré. Bí èèyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù tàbí tákísì tí kò sọ “good morning” fún gbogbo ẹni tó bá níbẹ̀, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọn ó kà á sí. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, “good night” ni wọ́n fi ń kí ẹni tí wọ́n bá pàdé, kì í ṣe ẹni tó ń lọ sùn nìkan. Má rò pé wọ́n ń lé ọ. Ìyá àgbà ilé kejì tí o ní ó máa ń jókòó síta yẹn, má pe orúkọ rẹ̀ lásán. “Miss” ni kí o fi ṣíwájú, kí Àkànní náà máa pè é bẹ́ẹ̀. Ìwọ tí a kọ́ ní ìkúnlẹ̀, èyí kò lè nira fún ọ. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ ló máa ń mọ dókítà tó mọ ọmọdé wò, òun ló sì máa gba ọmọ sílé bí ọkọ̀ bá dá ọ dúró lọ́nà.

Òun náà ni kí o bi nípa igi iṣin ẹ̀yìn ilé yín. Ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí ni igi náà ti dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà òwò ẹrú. Ackee ni wọ́n ń pè é, òun ni èso orílẹ̀-èdè wọn, ẹja oníyọ̀ ni wọ́n sì ń fi sè é. Nígbà tí o wà ní kékeré ní Ògbómọ̀ṣọ́, tútù lo máa ń jẹ ẹ́ lábẹ́ igi, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù: o rò pé o mọ̀ ọ́n. Èyí tí kò tíì la ẹnu fúnra rẹ̀ lórí igi, májèlé ni. Ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ọmọ á máa bì, á dákú lọ, ó sì lè kú. Ọmọdé tí kò jẹun kánú ló tètè ń mú. Kóró dúdú inú rẹ̀ kò ṣeé jẹ, bẹ́ẹ̀ ni awọ pupa tó so mọ́ ọn. Wọ́n á yọ ìyẹn kúrò, wọ́n á bọ ìyókù, wọ́n á da omi rẹ̀ nù. Àkànní kò gbọdọ̀ ṣa ohunkóhun sẹ́nu lábẹ́ igi yẹn, ìbáà là, ìbáà má là.

Ẹni tó bá fi wolé-wolé ṣe bàbá kò lè bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn. Jàmáíkà ti lé máléríà kúrò nílùú, nítorí náà oògùn ibà tí ìyá rẹ dì sínú ẹrù rẹ, má kàn fún ọmọ lò nítorí pé ara rẹ̀ gbóná. Ibà mìíràn tí wọ́n ń pè ní dengue ni ẹ̀fọn tiwọn ń fà, ọ̀sán ló sì ń jẹni, nẹ́ẹ̀tì orí bẹ́ẹ̀dì nìkan kò tó. Inú táyà àtijọ́ àti abọ́ abẹ́ òdòdó ló ń yé sí; da omi inú wọn nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ara ọmọ bá gbóná, paracetamol ni kí o fún un. Má fún un ní aspirin tàbí ibuprofen, wọ́n lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára ẹni tí dengue ń ṣe. Síbẹ̀, gbọ́ eléyìí dáadáa: bí ara rẹ̀ bá gbóná láàárín oṣù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí, ohun àkọ́kọ́ tí wàá sọ fún dókítà ni pé Nàìjíríà lẹ ti ń bọ̀. Wọn kì í rí máléríà lójoojúmọ́ bíi tiwa, ó lè má wá sí wọn lọ́kàn láti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bustamante ni ilé ìwòsàn ọmọdé tó wà ní Kingston. Mọ ọ̀nà ibẹ̀ lọ́sàn-án kí o má bàa máa wá a lóru.

Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wa ọkọ̀ bí àwa náà ti ń ṣe kó tó di ọdún 1972. Kọ́ ọmọ pé apá ọ̀tún ni kó kọ́kọ́ wò kó tó sọdá.

Ti ìjì ńkọ́? Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà dé ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ni àsìkò rẹ̀. Àwọn àgbà ibẹ̀ ṣì ń sọ ti Gilbert ọdún 1988, Melissa sì wó ilé rẹpẹtẹ ní ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ìwé ìrìnnà yín, ìwé ìbí ọmọ àti káàdì àjẹsára rẹ̀, inú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀ ni kí wọ́n máa gbé. Bi àwọn aládùúgbò ní ilé-ìwé tí wọ́n ń sá lọ nígbà ìjì, kí o bi wọ́n kí òjò tó ṣú. Bí ìjì bá sì ti lọ tán, ọmọ kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ lásán wọ inú omi àgbàrá. Ìtọ̀ eku wà nínú rẹ̀, àìsàn tó ń fà máa ń ba kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ní Westmoreland, níbi tí Melissa ti kọ́kọ́ kan ilẹ̀, ibì kan wà tó ń jẹ́ Abeokuta. Lẹ́yìn ọdún 1840 ni wọ́n kó àwọn èèyàn wa tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú lọ ṣiṣẹ́ ní erékùṣù náà. Ní Hanover tó bá a pààlà, àwọn ọmọ wọn ló ni ijó Etu. Bí ọwọ́ rẹ bá ti dilẹ̀, mú Àkànní lọ.

O tún ní Patwa, èdè àwọn ará Jàmáíkà, ti ń gba ẹnu Àkànní. Jẹ́ kó sọ ọ́. Òun ni èdè tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣeré, bí o bá sì ń bá a wí lójú wọn, àwọn ìyá wọn á gbọ́ pé o fojú di àwọn. Yorùbá ni ti inú ilé. Ìyá rẹ ní kí o má dá a lóhùn bó bá sọ òmíràn. Èmi kò fara mọ́ ìyẹn. Dá a lóhùn ní Yorùbá, kí o máa bá tìrẹ lọ.

Wákàtí mẹ́fà la fi ṣíwájú yín. Bí agogo méjì ọ̀sán Sátidé bá lù lọ́dọ̀ yín, agogo mẹ́jọ alẹ́ ti lù lọ́dọ̀ wa. Ìgbà yẹn ni kí o máa pè, kí n máa pàlọ́ fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá ní a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án, sọ fún un pé níbi tí apàlọ́ wà, ilẹ̀ ti ṣú.

Èmi ni,
Bàbá rẹ