Àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà ibùdó ìlera

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú ìbímọ 100 ní Nàìjíríà, nǹkan bí 39 péré ló wáyé ní ilé ìwòsàn. Àwa ará oko mọ ìdí rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, orí ọ̀kadà ni ìyàwó àbúrò mi ti ń rọbí, ó di ẹ̀wù ọlọ́kadà mú pinpin, omi ti ń dà lára rẹ̀. Nígbà tá a dé ibùdó ìlera abúlé wa lóru, àgádágodo la bá lẹ́nu ọ̀nà. Ọlọ́run ló yọ ọ́! Nínú ètò Àbíyè tí ìjọba Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ lọ́dún 2009, wọ́n fún aboyún ní fóònù láti fi pe òṣìṣẹ́ ìlera. Ẹ bá wa bẹ ìjọba: nọ́ọ̀sì kan tí yóò máa sùn ní ibùdó ìlera wa là ń tọrọ.

Èmi ni tiyín,
Àgbẹ̀ kan