Àlàní, má tíì san owó wáráǹtì yẹn

Àlàní ọmọ mi,

Mo gbọ́ voice note ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́, iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì ń dún, mi ò gbọ́ ju "wáráǹtì, wáráǹtì" lọ, ìgbà kejì ni mo tó lọ jókòó sẹ́yìn ilé tí mo fi fóònù sétí dáadáa. Ẹ kú ilé tuntun o, ìwọ àti ìyàwó ẹ, Ọlọ́run á jẹ́ kó tù yín lára, ẹ ò ní ríbi níbẹ̀. O ní ẹ fẹ́ ra ẹ̀rọ ìfọṣọ tiyín, ẹ tún fẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n ńlá tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ sí mi, pé ọmọkùnrin tó ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ní tẹ́ ẹ bá fi 150 pọ́n-ùn kún owó ẹ̀rọ ìfọṣọ, wáráǹtì nìyẹn, tó bá bàjẹ́ láàrin ọdún márùn-ún wọ́n á tún un ṣe fún yín, ọkàn yín balẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì fi 90 kún ti tẹlifíṣọ̀n, bákan náà. Ó ní òní nìkan ni owó ẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀. O wá ní kí n gbà ẹ́ nímọ̀ràn. Mo kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, torí ó gùn, mo sì fẹ́ kí ìyàwó ẹ náà rí i kà.

Má tíì san án. Mi ò sọ pé kó o má rà á láyé o, mo ní má san án níwájú ọmọ yẹn, má san án nígbà tí ojú ń kán ẹ. Ní gbogbo UK tẹ́ ẹ wà yẹn, òfin kan ti wà látọdún 2005 lórí irú wáráǹtì bẹ́ẹ̀, ti àwọn nǹkan tó ń lo iná nínú ilé. Tí wọ́n bá dá owó lé e fún ẹ, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, iye yẹn náà ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ ẹ tó o bá padà wá kí 30 ọjọ́ tó pé, tòun ti ẹ̀dínwó tí wọ́n bá sọ pé àwọn ń ṣe lọ́jọ́ náà. Torí náà "òní nìkan" tó ń sọ yẹn, fi rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, kó o ní kó bá ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kó o fi ìwé náà sápò, kó o máa lọ sílé. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti san án kí lẹ́tà mi tó dé, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já, ẹ ní 45 ọjọ́ láti sọ pé ẹ ò ṣe mọ́, wọ́n á sì dá gbogbo owó yín padà tẹ́ ẹ ò bá tíì fi béèrè nǹkan kan. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn náà ẹ ṣì lè já a, ìgbà tẹ́ ẹ ti lò nìkan ni wọ́n á yọ. Èmi ò mọ ìyẹn nígbà tèmi, tí mo bá mọ̀ ni, nǹkan tí mo fẹ́ sọ fún ẹ yìí ì bá má ṣẹlẹ̀.

Ṣó o rántí ẹ̀rọ ìfọṣọ wa ní Peckham, ní London? Èyí tó wà lábẹ́ wíńdò kíṣìnì, tí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n ẹ máa ń gùn lórí tó bá ti ń gbọ̀n. 2009 la rà á, 280 pọ́n-ùn. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà yẹn ní ilé àwọn arúgbó, ó ti rẹ̀ mí dé inú eegun, ọmọbìnrin tó ń tà á fún wa wá bi mí pé tó bá bàjẹ́ lọ́jọ́ tí kò sówó lọ́wọ́ yín ńkọ́? Kò ju gbólóhùn yẹn náà lọ. Mo kàn rí ara mi tí mo bẹ̀rẹ̀ nídìí báàfù nínú òtútù oṣù kìíní tí mò ń fọwọ́ fọ aṣọ iléèwé yín, ọwọ́ mi bá yọ pọ́ọ̀sì. 140 pọ́n-ùn ni mo san, Àlàní, ìdajì owó ẹ̀rọ gan-an. Bàbá ẹ ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn wo rísíìtì náà títí, wọ́n ká a, wọ́n fi sápò.

Ọdún kejì ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀ẹ̀rẹ̀ jáde níwájú ẹ̀. Mo pe nọ́ńbà inú ìwé wáráǹtì, wọ́n ní kí n dúró, mo dúró ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, gbogbo tówẹ́ẹ̀lì ilé ló wà nílẹ̀ kíṣìnì. Ọjọ́ tí ọkùnrin tí wọ́n rán wá dé, kò tilẹ̀ gbé àpótí irinṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀rọ, ó fi ìka méjì fa ètè rọ́bà dúdú tó yí ẹnu ẹ̀ ká, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó ní kí n wá wò ó. Rọ́bà ti ya nísàlẹ̀, kò gùn tó ìdajì ìka, ibẹ̀ ti bu, ó ti dúdú, píìnì irun mi kan ló sì há sínú ẹ̀. Ó ní lílò ló lò ó, wáráǹtì yín ò ka rọ́bà kún. Ó kọ nǹkan sórí bébà, ó jáde. Kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n tún wá fi ìwé ránṣẹ́ pé ká san owó wíwá tó wá.

Bàbá ará Jàmáíkà tó ń gbé òkè wa ló tún un ṣe. Wọ́n ní ká lọ ra rọ́bà yẹn, kò tó 30 pọ́n-ùn, wọ́n wá ní ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Ìwọ lo di tọ́ọ̀ṣì mú fún wọn, o lè máà rántí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ́. Wọ́n fi sikurúdíráfà yọ wáyà tó fún rọ́bà lọ́rùn, wọ́n bó ti àtijọ́ kúrò bí ẹni bó awọ ẹran, wọ́n nu ibẹ̀, wọ́n fi ọṣẹ ìfọbọ́ kun etí rọ́bà tuntun kó lè yọ̀ wọlé, wọ́n wá ní kó o máa ṣọ́ ihò kékeré tó wà lára ẹ̀, pé ìsàlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà kí omi lè máa gbabẹ̀ lọ. Ìwọ lò ń pariwo pé "ó ti kúrò nísàlẹ̀, ó ti kúrò nísàlẹ̀!" Mo se ìrẹsì àti dòdò, wọ́n jẹ ẹ́, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ẹ̀rọ yẹn ṣiṣẹ́ títí di 2017, wáráǹtì ti kú lára ẹ̀ láti 2014, kò sì san nǹkan kan fún wa rí.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó jókòó ka ìwé yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Rọ́bà, wọn ò kà á kún. Owó ẹyọ tó bá dí ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde, wọn ò kà á kún. Ẹfun tí omi ń kó jọ sínú ẹ̀, wọn ò kà á kún, omi London sì rèé, o mọ bí inú kẹ́tùlù wa ṣe máa ń funfun (ọpẹ́lọpẹ́ tiyín ní Manchester tí omi ẹ̀ mọ́ lẹ́fun). Àwọn nǹkan tó sábà máa ń ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ gan-an ni wọ́n yọ kúrò. Torí náà kẹ́ ẹ tó san owó wáráǹtì kankan, ojú ìwé tí wọ́n to nǹkan tí wọn ò ní tọ́jú sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà, kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n ní àwọn máa ṣe tẹ̀lé e.

Nǹkan míì wà tó yẹ kó o rò. Ẹ̀rọ náà ní àbíkú tiẹ̀. Èyí tí wọn ò bá tò dáadáa láti ilé iṣẹ́, oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń bàjẹ́, ìgbà yẹn sì rèé, wáráǹtì ọ̀fẹ́ táwọn tó ṣe é fún ẹ ṣì wà lórí ẹ̀, ọdún kan ni tọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, àwọn míì ń fúnni ní méjì, àwọn kan á fi kún un tó o bá ti forúkọ ẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Tó bá ti la ìgbà èwe yẹn já, á máa ṣiṣẹ́ lọ gẹ́rẹ́gẹ́ títí tí ogbó á fi dé sí i. Ìgbà tára ẹ̀ le yẹn gan-an ni ọmọkùnrin yẹn fẹ́ kẹ́ ẹ sanwó lé lórí. Nígbà tí ogbó bá máa fi dé, ọdún márùn-ún ti pé.

Àti pé ẹ ti ní ohun tó pọ̀ lọ́wọ́ láìsan kọ́bọ̀ kún un. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní October 2015 sọ pé ọjà tí wọ́n bá tà fún ẹ gbọ́dọ̀ dáa, kó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń ṣe. Tí àléébù bá wà lára ẹ̀ láàrin 30 ọjọ́, gba gbogbo owó ẹ padà. Tó bá yọjú kí oṣù mẹ́fà tó pé, wọ́n á gbà pé ó ti wà níbẹ̀ látìgbà tó o ti rà á àfi tí ṣọ́ọ̀bù bá lè fi hàn pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n láǹfààní láti tún un ṣe tàbí pààrọ̀ ẹ̀, tí ìyẹn ò bá yanjú ẹ̀ o lè gba owó ẹ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìwọ lo máa fi hàn pé bí wọ́n ṣe ṣe é ló mú un bàjẹ́, wàá lọ gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ṣùgbọ́n ní England o lè bá wọn fà á títí dé ọdún mẹ́fà. Ṣọ́ọ̀bù tó gbowó lọ́wọ́ ẹ ni wàá sì bá sọ ọ́ o, má jẹ́ kí wọ́n ní kó o lọ bá àwọn tó ṣe é. Ohùn jẹ́jẹ́ lo máa fi sọ ọ́, àmọ́ sọ ọ́, ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Tẹ́ ẹ bá máa sanwó, ẹ fi credit card san án. Òfin 1974 kan wà tó jẹ́ pé nǹkan tí owó ẹ̀ bá ti ju 100 pọ́n-ùn lọ tí kò kọjá 30,000, ilé ìfowópamọ́ tó fún yín ní káàdì náà máa jíhìn pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kódà kó jẹ́ díẹ̀ nínú owó yẹn lẹ fi káàdì san. Tí ṣọ́ọ̀bù bá kógbá wọlé ẹ ṣì rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ san gbèsè káàdì náà tán lóṣù yẹn, mo bẹ yín.

Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé gbogbo wáráǹtì ló burú. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì Peckham ra ti fíríìjì, ọmọ mẹ́rin, òun nìkan ló ń tọ́ wọn, owó oṣù ò ní dé ìparí oṣù. Ọdún kẹrin fíríìjì kú pátápátá, wọ́n tún un tún un kò gbà, wọ́n fún un ní fáọ́ṣà tó fi ra tuntun, èmi ni mo bá a gbé ẹran inú ẹ̀ lọ sí ilé wa kó má bàa bàjẹ́. Mo bá a yọ̀. Tó bá jẹ́ pé bí ẹ̀rọ bá kú lónìí, ẹ ò ní rówó ra òmíràn láàrin oṣù mẹ́ta, mi ò ní bá yín jiyàn. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ yín ò há tó bẹ́ẹ̀. Fóònù ìyàwó ẹ tó ti já bọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹ wò ó dáadáa bóyá báńkì yín tàbí insurance ilé ti bá yín dáàbò bò ó kẹ́ ẹ tó lọ ra wáráǹtì lé e.

150 pọ́n-ùn yẹn, ẹ dá àjọ ẹ̀. Ẹ yà á sọ́tọ̀ nínú áàpù báńkì yín, kẹ́ ẹ sọ ọ́ ní "Àjọ Ẹ̀rọ", kẹ́ ẹ máa fi 5 pọ́n-ùn sí i lóṣooṣù. Tó bá pé ọdún márùn-ún, 450 ló wà níbẹ̀, ó sì lè tún fíríìjì ṣe, ó lè tún sítóòfù ṣe, kò ní sọ fún yín pé rọ́bà kò sí nínú ìwé. Látọdún 2021 wọ́n ti pàṣẹ níbẹ̀ pé àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ gbọ́dọ̀ máa ní àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀ lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́wàá, ìwọ fúnra ẹ lè ra rọ́bà ẹnu ọ̀nà ẹ̀. O sì ti mọ ibi tí ihò ẹ̀ ń kọjú sí.

Ó ku tẹlifíṣọ̀n mi. Ẹ ṣeun, inú mi dùn, Ọlọ́run á máa pèsè. Ṣùgbọ́n 90 pọ́n-ùn tiẹ̀ yẹn, ẹ má san án rárá rárá. Ọ̀pọ̀ wáráǹtì wọn, UK nìkan ló mọ, tí ẹrù bá ti wọ kọ̀nténà tó ń bọ̀ ní Apapa, bébà lásán ló kù lọ́wọ́ yín, ta ló fẹ́ gbé tẹlifíṣọ̀n láti Ìbàdàn padà sí Manchester? Nǹkan tó sì ń pa tẹlifíṣọ̀n níbí ni iná tó bá lọ tó wá fi agbára dé. Mo rò pé ẹ fi owó ẹ̀ ránṣẹ́. Màá lọ sí Dùgbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ àbúrò mi, wọ́n á yọ ọ́ nínú páálí, wọ́n á tan án lójú mi kí n tó sanwó, màá gba rísíìtì àti káàdì wáráǹtì tí wọ́n lu òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù sí, tó bá bàjẹ́ ọkọ̀ kan péré ni màá wọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Níbí náà a ní òfin tiwa tó ń dáàbò bo ẹni tó ń rajà, àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní FCCPC ló ń mójú tó o. Màá ra stabilizer tó dáa mọ́ ọn.

Ẹ máa ṣí asẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ yín lóṣooṣù kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ máa nu ètè rọ́bà yẹn gbẹ, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn ẹ̀ máa ṣí sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìfọṣọ. Kí ìyàwó ẹ máa yọ píìnì irun kúrò lápò aṣọ.

Tẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ ya fọ́tò rísíìtì lọ́jọ́ náà kí yíǹkì ẹ̀ tó ṣá, kẹ́ ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín tọ́jú ẹ̀.

Ìyá ẹ,
Ìbàdàn