Má Gbé Ìbọn Yẹn Wá sí Newark

Àjàní ọmọ mi,

Inú mi dùn gan-an nígbà tí o pè lálẹ́ ọjọ́ Àìkú pé ìwé ìgbéra rẹ ti jáde, pé o ń kúrò ní bárékè sójà Fort Hood ní Texas lọ sí bárékè Schofield Barracks ní Hawaii, àti pé o máa kọ́kọ́ wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa. Mo ti ń ro ọbẹ̀ tí mo máa sè. Àfi ìgbà tí o fi kún un pé ìbọn pélebé rẹ máa wà nínú búùtù, pé láti pápákọ̀ Newark níbí ní New Jersey ni o ti máa gbé e wọ bàálù. Oorun dá lójú mi. Mi ò fẹ́ bá ọ jiyàn lórí fóònù, ni mo ṣe jókòó kọ èyí bí mo ṣe dé láti ibi iṣẹ́ alẹ́.

Jọ̀ọ́, má gbé e wá.

Mo mọ̀ pé o ò rú òfin kankan níbi tí o wà. Ní Texas, láti oṣù kẹsàn-án 2021, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin ò sì ka ìbọn léèwọ̀ fún, lè gbé e sára láìgba ìwé. New Jersey ò rí bẹ́ẹ̀. Kódà ẹni tó gba ìwé àṣẹ ní ìpínlẹ̀ mìíràn, wọn kì í ka ìwé náà sí níbí, áńbọ̀sìbọ́sí ẹni tí kò gba ìkankan. Magasíìnì tí wọ́n ń kó ọta sí nínú ìbọn, tó bá ń gbà ju ọta 10 lọ, wọ́n ti fòfin dè é láti 2018, tìrẹ sì ń gba 17.

O ní òfin ìjọba àpapọ̀ bò ọ́. Mo wá òfin ọdún 1986 yẹn rí, mo sì kà á. Ó ní ẹni tó ń lọ láti ibi tí òfin ti fún un láyè sí ibòmíràn tí òfin ti fún un láyè lè gba ìpínlẹ̀ tó wà láàárín kọjá, bí ìbọn náà ò bá ní ọta nínú, tó sì wà níbi tí ọwọ́ ò ti lè tètè tó o. Ẹni tó ń kọjá lọ ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó sùn ọ̀sẹ̀ méjì nílé ìyá rẹ̀ kò kọjá, ó dúró ni.

Ní 2005, ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Utah lọ sí Pennsylvania. Ó ti ìbọn rẹ̀ mọ́ inú àpótí, ó sọ ọ́ ní pápákọ̀ bó ṣe yẹ. Bàálù rẹ̀ pẹ́ dé Newark níbí, kò bá èyí tó kàn, ni ó bá gba ẹrù rẹ̀, ó sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó padà wá láàárọ̀ tó tún sọ fún wọn pé ìbọn wà nínú ẹrù òun, wọ́n mú un. Ó sun àtìmọ́lé kí wọ́n tó pa ẹjọ́ náà rẹ́. Ó pe àwọn tó mú un lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì dá a lẹ́bi ní 2010 pé nígbà tí ẹrù náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́jú, òfin 1986 ò dáàbò bò ó mọ́. Pápákọ̀ kan náà tí o fẹ́ gbà nìyẹn, Àjàní.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìyá ọlọ́mọ méjì láti Philadelphia ní 2013. Ó ní ìwé àṣẹ Pennsylvania. Ọlọ́pàá dá a dúró lójú títì níbí, òun fúnra rẹ̀ ló la ẹnu sọ pé ìbọn wà lọ́wọ́ òun. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta àtààbọ̀, ó kéré tán, ni òfin nà sí i. Ọdún 2015 ni Gómìnà Chris Christie tó dárí jì í. Ìwọ náà kì í purọ́, bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn, ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi ń bà mí. Káàdì sójà rẹ kì í ṣe ìwé àṣẹ ìbọn.

Bàbá mi ọdẹ ni. Kò gbé ṣakabùlà rẹ̀ lọ kí àna rí. Nínú ilé ló máa ń fi í sí kó tó lọ.

Ní kí àwọn tí iṣẹ́ ológun gbà láti kó ẹrù rẹ kó ìbọn rẹ mọ́ ẹrù ilé. Rí i pé wọ́n kọ irú ìbọn náà àti nọ́ńbà ara rẹ̀ sínú ìwé ẹrù, kí o sì ya fọ́tò ìwé náà. Wọn kì í gba ọta, nítorí náà yìn ín tán ní Texas tàbí kí o fún ọ̀rẹ́ rẹ. Ta magasíìnì wọ̀nyẹn náà síbẹ̀, torí Hawaii pẹ̀lú ò gbà ju ọta 10 lọ nínú ìbọn pélebé.

Tí o bá débẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ 5 péré ni wọ́n fún ọ láti lọ forúkọ ìbọn náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá Honolulu, wọ́n á kà á láti ọjọ́ tí ìwọ tàbí ìbọn náà bá gúnlẹ̀, èyí tó bá kẹ́yìn. Má ṣe sọ pé ó rẹ̀ ọ́. Sọ fún ọ̀gá rẹ ṣáájú, torí bí o bá ń gbé inú bárékè, yàrá ìbọn ẹgbẹ́ yín ni yóò wà, kì í ṣe abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ.

Dádì rẹ ti ń ra iṣu sílẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì mi ò lọ síṣẹ́, pè mí lálẹ́ kí o sọ ọjọ́ tí àwọn akẹ́rù ń bọ̀.

Ìyá rẹ