Inú rírun ti òtútù nìkan ni oògùn Ṣáínà wọ̀nyí wà fún

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí inú bá ti ń run èèyàn ní Òṣogbo níbí, àgbo jẹ̀dí ló kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn. Ẹlòmíràn á ní òun ò mu àgbo, á lọ ra oògùn àwọn ará Ṣáínà. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, bí olùrà bá ti mọ̀ pé inú rírun ti òtútù ni Li Zhong Wan, Xiao Jian Zhong Tang àti ẹgbẹ́ wọn wà fún.

Ti òtútù a máa rọlẹ̀ bí a bá gbé ohun gbígbóná lé ikùn tàbí tí a fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Omi tútù ń dá a padà. Ìgbẹ́ a máa ṣàn, ojú ahọ́n á funfun, òùngbẹ kì í sì í gbẹni. Ṣùgbọ́n bí ahọ́n bá pọ́n, tí ẹ̀gbin orí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, tí ẹnu ń gbẹ, tí ara sì ń gbóná, ooru nìyẹn. Ẹni tó bá fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní atalẹ̀ gbígbẹ bu epo síná ni. Àgbo kíkorò tó ń mú ni yàgbẹ́ náà kì í ṣe ti onínú tútù.

Ginseng, atalẹ̀ gbígbẹ, egbò bai zhu àti gan cao, egbò dídùn tí wọ́n fi oyin yan, ló wà nínú Li Zhong. Dọ́gbadọ́gba ni, gíráàmù 9 kọ̀ọ̀kan fún àsèmu. Zhang Zhongjing, oníṣègùn Ṣáínà tó kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, ní kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n fi oyin pò ó, kí wọ́n fi omi híhó yọ́ ọ mu, kí aláìsàn wá mu ẹ̀kọ ìrẹsì gbígbóná lé e, kó sì bora. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ti ń kùnà: wọn á lo oògùn tán, wọn á fi omi fíríìjì tẹ̀ lé e. Ògì gbígbóná dára níbẹ̀. Atalẹ̀ tútù kò sì lè dípò gbígbẹ. Tútù ń dá èébì dúró, ó sì ń lé òtútù kúrò lára, gbígbẹ ló ń mú inú lọ́hùn-ún gbóná.

Inú tó ń fún mọ́ra, tó ń lọ tó ń bọ̀ lára ẹni tó ti rù, ni ti Xiao Jian Zhong. Ẹ̀ka gui zhi, ìyẹn ẹ̀ka igi sínámọ́nì, gíráàmù 9, shao yao funfun, egbò òdòdó peony, gíráàmù 18, atalẹ̀ tútù gíráàmù 9, gan cao gíráàmù 6, èso jujube ẹyọ 12, àti maltose gíráàmù 30, ìyẹn ṣúgà lílẹ̀ tí wọ́n fi ọkà híhù ṣe. Ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú shao yao tó jẹ́ ìlọ́po méjì gui zhi yẹn, òun ló ń tú inú tó fún mọ́ra. Bí ẹ bá ṣe méjèèjì dọ́gba, tí ẹ yọ maltose kúrò, Gui Zhi Tang lẹ sè, oògùn ọ̀fìnkìn àti ibà òtútù nìyẹn. Ìkòkò amọ̀ ni kẹ́ ẹ lò. Kí omi ìwọ̀n 7 hó títí yóò fi ku 3, kẹ́ ẹ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ tó wá fi maltose sí i lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bó bá ṣíwájú wọ ìkòkò, yóò lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, yóò sì jóná. Ẹni tó ń bì kì í mu ún nítorí adùn rẹ̀, alátọ̀gbẹ náà kó ṣọ́ra.

Da Jian Zhong, òun náà wà lára ẹgbẹ́ wọn, ní ata Sichuan, ìbátan igi àtà tí a fi ń rin orín. Wọ́n ń lò ó nílé ìwòsàn Japan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ inú. Àmọ́ ikùn tó le gbandi tí ọwọ́ kò ṣeé kàn, tàbí ìrora tó kúrò nídodo bọ́ sí ìsàlẹ̀ ọ̀tún, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi.

Gan cao ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, ó sì ń mú ẹsẹ̀ wú bó bá pẹ́ lára, pàápàá lára ẹni tó ń lo oògùn tó ń mú ni tọ̀.

Ẹ wo páálí dáadáa. 理中丸, àmì mẹ́ta, ni Li Zhong Wan. Bí 附子 bá ṣíwájú wọn, fu zi ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, egbò olóró. Ilé iṣẹ́ oògùn ti sọ ti inú hóró di rírọ̀. Ti àsèmu, a máa ń kọ́kọ́ sè é lọ́tọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, nítorí híhó pípẹ́ nínú omi ló ń fọ́ oró rẹ̀. Ẹ má sè é nílé. Ẹ má sì fi ògógóró rẹ ẹ́ láéláé, ọtí ń fa oró yẹn jáde ni. Bí ètè, ahọ́n tàbí ọwọ́ ẹni tó lò ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú bí ìgbà tí oníṣègùn eyín gún ni lábẹ́rẹ́, tàbí tí àyà rẹ̀ ń lù ségesège, ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá, kẹ́ ẹ sì mú páálí oògùn náà dání.

Oníṣègùn egbò,
Ayétòrò, Òṣogbo.