Abẹ́rẹ́ apá òsì ọmọ tuntun: lẹ́tà sí Ìyá Dàpọ̀

Adó-Èkìtì,
12 Oṣù Kẹfà.

Ìyá Dàpọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú àjò o. Ṣé ara le? Ṣé gbogbo ilé wà dáadáa? Inú mi dùn gidigidi pé ìyàwó wa ti wọ oṣù ìbí rẹ̀ ní Ìkéré. Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ láyọ̀. O ní kí n ṣàlàyé abẹ́rẹ́ ikọ́ ife tí wọn yóò gún ọmọ náà, torí pé ní Amẹ́ríkà tí o wà, wọn kì í gún un fún gbogbo ọmọ. Màá sọ ọ́ débi tí wàá fi lè bá ìyàwó wa sọ ọ́ lórí fóònù.

BCG ni orúkọ abẹ́rẹ́ náà tí ìyàwó wa yóò rí lórí káàdì àjẹsára ọmọ. Kòkòrò ikọ́ ife ti màlúù ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn Faransé méjì, Calmette àti Guérin, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ìlú Lille ní 1908. Wọ́n ń tún un gbìn léraléra títí ó fi di ìgbà 230, tí agbára rẹ̀ fi rọ̀. 1921 ni wọ́n kọ́kọ́ fún ọmọ ọwọ́. Ó rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò kú. Alààyè ni kòkòrò inú abẹ́rẹ́ yìí, ìdí sì nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí wọ́n ṣọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan tí màá kà sílẹ̀ yìí.

Kì í ṣe pé ẹni tó bá gbà á kò ní ní ikọ́ ife títí láé. Ààbò rẹ̀ lórí ikọ́ ife inú ẹ̀dọ̀fóró àgbàlagbà kò fi bẹ́ẹ̀ múná. Ọ̀dọ̀ ọmọ kékeré ni agbára rẹ̀ wà: ó ń gbà á lọ́wọ́ ikọ́ ife tó ń gun ọpọlọ di yírùnyírùn, àti èyí tó ń bá ẹ̀jẹ̀ tàn ká gbogbo ara. Àwọn méjèèjì yìí kì í pẹ́ pa ọmọ ọwọ́. Nítorí náà, ọjọ́ ìbí gan-an ló dára jù, tàbí láìpẹ́ sí i. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìyá ọmọ kò tíì jáde ogójì. Ṣebí gbogbo ayé ló máa wá kí ọmọ lọ́jọ́ ìkómọ, tí wọ́n á máa gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, ta ló mọ ẹni tó ń wúkọ́ nínú wọn? Wọ́n á tún kán oògùn rọpárọsẹ̀ sí i lẹ́nu, wọ́n á sì gún abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú sí i nítan, èyí tó yẹ kó wọlé kí wákàtí 24 tó pé. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba.

Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ ìyá padà sílé lọ́wọ́ òfo nìyí. Ìgò BCG kan, ti ọmọ 20 ni. Lẹ́búlẹ́bú ló wà nínú rẹ̀, mílílítà 1 omi tirẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ń pò ó. Omi ilé-iṣẹ́ mìíràn lè bà á jẹ́, omi náà sì gbọ́dọ̀ ti tutù bíi ti oògùn, láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìgò náà dúdú torí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń pa kòkòrò rẹ̀. Bí wọ́n bá ti pò ó tán, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 6 lọ. Wọ́n á da èyí tó kù nù, kódà kó jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ló gbà nínú rẹ̀. Nítorí ìdanù yìí, ọ̀pọ̀ hẹ́ẹ́tì sẹ́ńtà ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí ọmọ á pọ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn: ọmọ kan ṣoṣo tó kí wọ́n torí rẹ̀ ṣí ìgò, ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sì ń wí nìyẹn. Ṣùgbọ́n a ò lè máa retí pé wọ́n á yí padà nítorí tiwa. Kí ìyàwó wa béèrè ọjọ́ BCG báyìí kó tó bímọ, kó sì tètè débẹ̀ láàárọ̀.

Ìwọ̀n tí wọn yóò gún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ni mílílítà 0.05, ní òkè apá òsì. Inú awọ ló ń lọ, kì í ṣe abẹ́ awọ, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ọwọ́ nọ́ọ̀sì wà. Á na awọ náà, á tẹ́ abẹ́rẹ́ náà pẹrẹsẹ pẹ̀lú ojú ihò rẹ̀ lókè, á tì í wọlé bíi mílímítà 2 péré. Bó bá wọlé dáadáa, ibẹ̀ á wú, á funfun, á rí wẹ́wẹ́ bí èèpo ọsàn. Bí kò bá wú, bóyá ó jìn jù tàbí ó jò dànù. Èyí tó bá jìn ló sábà ń di eéwo ńlá tàbí kókó abíyá, kí ìyàwó wa yáa di apá ọmọ náà mú dáadáa kó má baà ta. Bí wọ́n bá fi sípírítì nu ibẹ̀, kí wọ́n dúró kó gbẹ pátápátá, torí sípírítì ń pa kòkòrò náà.

Ojú ibẹ̀ á rọlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tó bá wá tó bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, á yọ bí ìléróró pupa, á ṣọyún, á bẹ́, á tún sé èépá. Ó lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó san di àpá. Oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Àsìkò yìí gan-an ni ìdààmú máa ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá bí ìyá àgbà bá wà nílé. Jọ̀wọ́, bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kí wọ́n má fi òrí, àdín, ewé tàbí oògùn apakòkòrò kankan síbẹ̀, kí wọ́n má fọn ọyún rẹ̀, kí wọ́n má sì fi aṣọ gbígbóná jó apá òsì náà nígbà tí wọ́n bá ń wẹ ọmọ. Kí wọ́n fi omi mímọ́ wẹ ibẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Kókó kékeré lábíyá òsì kì í ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n tó bá ju ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ lọ, tàbí tó ń ṣọyún, tàbí tí egbò náà fẹ̀ tí kò fẹ́ san, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá, ti Adó tàbí ti Ìdó. Bí àpá kò bá sì hàn rárá, kò ní kí wọ́n tún un gún.

Bí ìyàwó wa bá ń lo oògùn HIV tàbí oògùn ikọ́ ife, kó sọ fún nọ́ọ̀sì ṣáájú, kó má tijú. Bí ìyá bá ní ikọ́ ife, ọmọ ni wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ wò, wọ́n lè fún un ní oògùn ìdènà, BCG á sì dúró di ìgbà tó bá parí rẹ̀, torí oògùn náà á pa kòkòrò abẹ́rẹ́ náà dànù.

Ó ku ohun kan tó kan ìwọ fúnra rẹ. Bí ọmọ náà bá wá bá ọ lọ́hùn-ún lọ́jọ́ iwájú tí wọ́n sì ṣàyẹ̀wò ikọ́ ife tí wọ́n ń gún sí awọ fún un, ibẹ̀ lè wú nítorí BCG lásán. Sọ fún dókítà pé ó gbà á, kí o sì ní kí wọ́n lo àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, èyí tí BCG kì í dà rú. Nítorí èyí, kí wọ́n tọ́jú káàdì àjẹsára náà dáadáa, kí Dàpọ̀ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Bí ìyàwó wa bá bí, pè mí, ìbáà jẹ́ lóru.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ìyá Fúnkẹ́.